Gémù kan náà lọ́dọọdún ti ń sú mi o, báwo lẹ ṣe ń ṣe tiyín?

ỌmọSúrùlérè

Ẹ n lẹ́ níbí o ẹ̀yin ará. Mo fẹ́ ká jọ yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò torí ó ti ń jẹ mí lọ́kàn ọjọ́ pẹ́. Assassin's Creed ni gémù tèmi, látìgbà tí Ezio jẹ́ akọni inú ẹ̀ ní 2009 ni mo ti fẹ́ràn ẹ̀, mi ò sì tíì rí gémù míì tó ń mú èèyàn rìn nínú ìlú àtijọ́ báyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí wọ́n ṣe ń tò ó léra: apá kejì 2009, Brotherhood 2010, Revelations 2011, apá kẹta 2012, Black Flag 2013, nígbà tó wá di oṣù kọkànlá 2014 méjì ló jáde lẹ́ẹ̀kan náà, Unity fún PlayStation 4 (PS4) àti Rogue fún àwọn tó ṣì wà lórí PS3. Lẹ́yìn ìyẹn Syndicate, Origins, Odyssey, Valhalla, Mirage, títí dórí Shadows tó jáde ní oṣù kẹta 2025. Valhalla ṣì wà lórí PS mi tí mi ò tíì parí ẹ̀. Tí mo bá ti ṣí máàpù tí mo rí gbogbo àmì kéékèèké tó kún ibẹ̀ fọ́fọ́, ó ti rẹ̀ mí kí n tó bẹ̀rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ mo ṣì nífẹ̀ẹ́ ẹ̀ o, ìyẹn gan-an ló ń dùn mí.

Ẹ tún wá wo owó. Gémù tuntun fún PS5, dọ́là 70 ni wọ́n ń tà á ní òkè òkun, tẹ́ ẹ bá ṣẹ́ ẹ sí náírà, ó lé díẹ̀ tàbí kó dín díẹ̀ ní 100,000, bẹ́ẹ̀ 85,000 ni owó oṣù tó kéré jù tí ìjọba Èkó fọwọ́ sí ní 2024. So ìbéèrè mi rèé, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti wà pẹ̀lú síríìsì kan látọjọ́ pẹ́, báwo lẹ ṣe ń ṣe é tí kò fi sú yín? Ṣé ẹ máa ń fo òmíràn ni àbí ẹ pa á tì pátápátá? Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má kàn sọ pé má rà á mọ́, bí mo ṣe lè máa gbádùn ẹ̀ lọ ni mo fẹ́ mọ̀.

Ẹ̀gbọ́nMúṣín

Àbúrò báwo ni. Mo ní gémù sẹ́ńtà ní Múṣín, so ti bọ́ọ̀lù ni màá sọ, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí ti ń ká wa mọ́ jù. FIFA àkọ́kọ́ jáde ní 1993, látìgbà yẹn kò sí ọdún tí wọn ò gbé tuntun wá, títí dé FIFA 23 tí EA tó ń ṣe gémù yẹn àti FIFA, àjọ bọ́ọ̀lù àgbáyé, fi pínyà, tó wá ń jẹ́ EA Sports FC báyìí. Ẹni tí kì í gbá a lè ní orúkọ àti jẹ́sì nìkan ló ń yí padà lọ́dọọdún. Àwọn kọ́sítọ́mà mi ò ní gbà fún un. Ọmọ tó bá wá jókòó fẹ́ rí Osimhen nínú jẹ́sì Galatasaray, tó bá bá a ní Napoli ó ní gémù yìí ti gbó, ó dìde, ó kọjá sí sẹ́ńtà tó wà ní òpópónà kejì, owó mi ti lọ nìyẹn. Bọ́ọ̀lù yàtọ̀ sí Assassin's Creed, kò sí ìtàn tó fẹ́ sọ fún ẹ, ohun tá a ń fẹ́ ni kó bá èyí tá à ń wò lórí tẹlifíṣọ̀n lọ́jọ́ Sátidé mu.

Ohun tí mo wá ń ṣe rèé. Mi ò kí ń ra tuntun sórí gbogbo PS tó wà ní sẹ́ńtà. Ọ̀kan ṣoṣo ni mo ń fi tuntun sí, owó máàṣì kan lórí ẹ̀ wọ́n díẹ̀, àwọn yòókù ń gbá ti èṣí tàbí ti ìdúnta, owó tiwọn sì dín kù. Tí ẹ bá dé sẹ́ńtà mi lálẹ́ Sátidé, ibi tówó ti dín yẹn ni èrò máa ń pọ̀ sí jù. Ẹni tó fẹ́ tuntun á gbá máàṣì kan níbi tuntun kó lè rí i, tó bá ti kan ká máa ta ara wa yọ, ó ti kọjá sódì kejì.

Ẹ tún rántí PS2. PES 2014, gémù bọ́ọ̀lù ti Konami, àti FIFA 14 ni wọ́n ṣe kẹ́yìn fún un, lẹ́yìn ìyẹn Konami ò ṣe nǹkan kan fún un mọ́, EA náà ò ṣe. Àwọn ọmọ Àlàbà ò jẹ́ kó kú, wọ́n ń yí jẹ́sì, wọ́n ń yí orúkọ agbábọ́ọ̀lù, wọ́n ń kó o sí sídì, àwọn èèyàn sì ń gbá a lọ lọ́pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà. Lábẹ́ jẹ́sì tuntun yẹn gémù kan náà ni, kò sì sú wa, torí ẹni tó jókòó tì ẹ́ tó di páàdì kejì mú, òun ló ń mú un dùn.

Tọ́lání_Bàrígà

Call of Duty (COD), gémù ogun oníbọn, ni tèmi. Láti 2005 kò sí ọdún tí ńlá kan ò jáde. Mo ń gbá ọ̀kan, mò ń fo méjì, kò sí ohun tó sọnù nínú ayé mi.

Àdùkẹ́Yábà

Ẹ kú ìjókòó o. Bọ̀dá Múṣín, ọ̀rọ̀ yín yé mi dáadáa. Ẹ jẹ́ kí n fi tèmi kún un torí ọ̀rọ̀ àwọn gémù yìí jẹ mí lógún gan-an, mo sì rò pé ó yẹ ká mọ ìdí tí wọ́n fi ń ṣe é ká tó máa dá ara wa lẹ́bi pé ó sú wa.

Àwọn ilé iṣẹ́ ńlá yìí, owó àwọn tó ra ṣíà ló wà lọ́rùn wọn. Ọdún tí síríìsì tó ń mówó wọlé jù kò bá jáde, á hàn nínú ìṣirò wọn, àwọn tó ra ṣíà á sì bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè. Ìdí nìyẹn tí Activision fi pín Call of Duty fún stúdíò mẹ́ta, Infinity Ward, Treyarch àti Sledgehammer, bí ọ̀kan bá ń tà lọ́dún yìí èkejì ti ń kọ́ tọdún tó ń bọ̀. Ó dáa fún owó. Àmọ́ ẹ wo Guitar Hero. 2005 ló kọ́kọ́ jáde, gìtá oníke lọ́wọ́, gbogbo ilé ń ṣe pátì pẹ̀lú ẹ̀, Activision ra ilé iṣẹ́ tó ni ín ní 2006. Nígbà tó di 2009, lọ́dún kan ṣoṣo, ti Metallica jáde, Smash Hits jáde, Guitar Hero 5, Band Hero, DJ Hero, wọ́n tún fi ti Van Halen kún un. Gbogbo ẹ̀ nílò owó, òmíràn tún nílò irinṣẹ́ tiẹ̀ lọ́tọ̀. Oṣù kejì 2011 Activision ti ẹ̀ka tó ń ṣe é pa. Gémù yẹn ò burú rárá o, orin inú ẹ̀ ò burú, àpọ̀jù ló pa á. Mi ò fẹ́ kí irú ẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí èyíkéyìí nínú àwọn tá a fẹ́ràn.

Ubisoft tó ń ṣe Assassin's Creed náà fẹ́rẹ̀ẹ́ débẹ̀. Unity jáde pẹ̀lú oríṣiríṣi wàhálà, awọ ojú èèyàn á pòórá á wá ku ẹyinjú àti eyín nìkan, wọ́n tọrọ àforíjì, wọ́n sì fún àwọn tó rà á ní Dead Kings lọ́fẹ̀ẹ́. Syndicate tẹ̀ lé e ní 2015, lẹ́yìn náà wọ́n dáwọ́ dúró, 2016 kọjá láìsí ńlá kankan. Ọmọ Súrùlérè, ìwọ náà bi ara ẹ léèrè, ṣé kì í ṣe ìyẹn ló jẹ́ kí Origins dà bíi nǹkan tuntun lójú wa ní 2017? Wọ́n ní àkókò láti tún bí a ṣe ń jà ṣe, Íjíbítì yẹn gbòòrò, Bayek tó jẹ́ akọni inú ẹ̀ náà sì ní ìbànújẹ́ tó wọ èèyàn lára. Resident Evil bẹ́ẹ̀, apá kẹfà ní 2012 kó oríṣiríṣi jọ títí ẹ̀rù tó yẹ kó bà wá fi lọ, Capcom tó ń ṣe é wá padà ní 2017 pẹ̀lú apá keje, ojú ara ẹ ni o fi ń rí gbogbo nǹkan, ilé ìdílé kan, òkùnkùn, mo máa ń dá PS dúró kí n lè mí. God of War, Ascension ní 2013, kò sí ńlá míì títí di 2018, Kratos akọni ẹ̀ ti dàgbà, ọmọ ẹ̀ ọkùnrin ń tẹ̀ lé e kiri. Kódà Need for Speed tó máa ń jáde lọ́dọọdún fo 2014.

Tí àwọn tó ń ṣe é bá nílò ìsinmi, ìwọ tó ń gbá a náà nílò ẹ̀. Fo ọdún méjì. Má ka ìròyìn ẹ̀, má wo fídíò ẹ̀, jẹ́ kó jìnnà sí ẹ dáadáa. Tó bá ń wù ẹ́ lẹ́yìn ìyẹn wàá mọ̀, tí kò bá sì wù ẹ́ mọ́ ìyẹn náà dáa.

Ọmọ_Ọbáléńdé

Àǹtí Àdùkẹ́ mo gbọ́ tiyín o, ṣùgbọ́n mi ò gbà pé bó ṣe pọ̀ tó ló ń fà á. Ẹ wo Grand Theft Auto (GTA). GTA III 2001, Vice City 2002, San Andreas 2004. Mẹ́ta láàárín ọdún mẹ́ta, lórí PS2 kan náà, ta ló sọ nígbà yẹn pé ó ti sú òun? Kò sẹ́ni tó sọ bẹ́ẹ̀, torí Vice City gbé wa lọ sétí òkun ní àwọn ọdún 1980 pẹ̀lú orin rédíò tó ń dún nínú mọ́tò, San Andreas fún wa ní ìlú mẹ́ta pẹ̀lú igbó àti aṣálẹ̀ láàárín, CJ, akọni ẹ̀, lè jẹun kó sanra, ó lè lọ síbi ìdárayá kó yọ iṣan. Èyí tó tẹ̀ lé e kò jọ èyí tó ṣáájú. Ohun tó ń súni ni kéèyàn ra tuntun kó wá bá ti àtijọ́ nínú ẹ̀, kó gun ilé gogoro, kó wo ìlú yípo, kí àmì jáde lórí máàpù, kó sọ̀ kalẹ̀, kó tún lọ gun òmíràn.

So ìmọ̀ràn tèmi, kéèyàn tó rà á kó wá ẹni tó ń gbá a lórí YouTube, kì í ṣe fídíò ìpolówó o, ẹni tó kàn ń gbá a lásán láti ibi tó wù ú, kó wò ó fún bí ogún ìṣẹ́jú. Tí kò bá lè dárúkọ nǹkan kan tó máa ṣe níbẹ̀ tí èyí tó wà nílé ẹ̀ ò ní, kó fi sílẹ̀. Owó ló máa kó jáde, àkókò náà ló máa kó jáde, nínú Èkó tí iná ò ti dúró yìí pàápàá.

Àti pé ẹ má gbàgbé àwa tá a wà lódìkejì. GTA V jáde ní 2013 fún PS3, wọ́n tún un tà fún PS4 ní 2014, wọ́n tún un tà fún PS5 ní 2022, apá kẹfà tí wọ́n ní 2025 ni, wọ́n ti sún un wọ 2026. Kó pẹ́ jù náà kì í ṣe nǹkan tó dùn. Mo fẹ́ kí wọ́n rí àárín méjèèjì.

Àdùkẹ́Yábà

Òótọ́ lọ̀rọ̀ ẹ, Ọmọ Ọbáléńdé. Ṣùgbọ́n mẹ́ta láàárín ọdún mẹ́ta nígbà tí gémù ṣì kéré ni, lóde òní ó lè gba ọdún márùn-ún kí wọ́n tó parí ńlá kan, so ẹni tó bá fẹ́ máa mú un jáde lọ́dọọdún ní láti máa tún ti àtijọ́ lò ni. Ibẹ̀ ni ìjọra yẹn ti ń wọlé. Iye àti ìjọra, ọ̀kan ló ń bí èkejì.

Ọmọ_Ọbáléńdé

Mo gbà.

ỌmọSúrùlérè

Ẹ ṣé gan-an, ọ̀rọ̀ yín ń wọ̀ mí lára. Àǹtí Àdùkẹ́, bẹ́ẹ̀ ni o, Origins dùn mọ́ mi jù gbogbo àwọn tó ṣáájú ẹ̀ lọ, kò sì sẹ́ni tó ṣàlàyé ìdí ẹ̀ fún mi báyẹn rí. Ẹ jẹ́ kí n béèrè méjì. Àkọ́kọ́, ṣé dandan ni kí n parí Valhalla kí n tó fọwọ́ kan òmíràn, torí ó ń ṣe mí bíi pé gbèsè ni mo jẹ. Ìkejì, àwọn sídì tó wà nílẹ̀ ńkọ́, ṣé kí n tà wọ́n ni àbí kí n pààrọ̀?

Tọ́lání_Bàrígà

Valhalla! Fi í sílẹ̀ jàre. Ìtàn ẹ̀ nìkan lé ní wákàtí 50, ìyẹn láìka àwọn iṣẹ́ kéékèèké tó yí i ká. Tí ìtàn ò bá fà ẹ́ mọ́, o ò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè, owó ẹ lo fi rà á.

BàbáÌbejì_Festac

Ẹ káalẹ́ o gbogbo ilé. Ọmọ mi ọkùnrin, mo ti ka gbogbo nǹkan tí wọ́n kọ, ohun kan wà tí wọn ò tíì sọ. Ìwọ fúnra ẹ sọ pé rírìn nínú ìlú àtijọ́ lo fẹ́ràn. Ṣé o ti wo Discovery Tour? Ubisoft ṣe é fún Origins ní 2018, fún Odyssey ní 2019, fún Valhalla náà ní 2021. Kò sí ìjà níbẹ̀, kò sí àmì tó ń lé ẹ kiri, wàá kàn rìn nínú Íjíbítì, wọn á máa ṣàlàyé bí wọ́n ṣe kọ́ pírámíìdì, bí wọ́n ṣe ń ṣe búrẹ́dì, bí wọ́n ṣe ń tọ́jú òkú. Èmi àtàwọn ìbejì la jọ ń wò ó. Kẹ́hìndé ti ń béèrè ìdí tí Ọ̀yọ́ ilé ò fi ní irú ẹ̀, ìbéèrè tó dáa ni, mo fẹ́ kí ẹnì kan dá a lóhùn lọ́jọ́ kan. So kó o tó sọ pé síríìsì yẹn ti sú ẹ, wò ó bóyá ìjà àti àmì yẹn nìkan ló sú ẹ.

Nílé mi, tuntun ò gbọdọ̀ wọlé tí ti àtijọ́ ò bá tíì jáde. Àwọn ọmọ mọ̀ ọ́n. Ṣé ẹ mọ̀ pé àwọn ọmọ ni wọ́n ń fi ìpolówó yìí mú jù? 2022 nìkan, Pokémon ńlá méjì, Legends Arceus ní oṣù kìíní, Scarlet àti Violet ní oṣù kọkànlá, ìkejì yẹn sì ń fà gan-an bó ṣe jáde, gbogbo èèyàn ló rí i. Ọmọ ò tíì lóye àkọ́kọ́ tán, wọ́n ti ń fi ìkejì hàn án. Mo jókòó tì wọ́n, mo ṣàlàyé pé ọdún tó ń bọ̀ òmíràn á jáde, kò sì ní sá lọ. Wọ́n gbọ́. Sùúrù ló gba.

SídìÌkẹjà

Ẹ káalẹ́ sà, ẹ káalẹ́ mà. Kọ̀ǹpútà Fílẹ́ẹ̀jì ni mo wà, sídì ni mò ń tà tí mo tún ń pààrọ̀, so ìbéèrè kejì yẹn, mo lè dá a lóhùn.

Ẹ̀gbọ́n mi, sídì ò rí bákan náà. Sídì bọ́ọ̀lù, kí oṣù kẹsàn-án tó pé ni kẹ́ ẹ ti tà á, torí oṣù kẹsàn-án ni tuntun ń jáde, lọ́jọ́ tó bá ti jáde báyìí ẹnikẹ́ni ò ní fún yín lówó gidi lórí ti èṣí, èmi náà ò ní lè fún yín torí mi ò ní rí ẹni tà á fún. Àwọn oní-ìtàn bíi God of War àti GTA V máa ń dúró, ẹ lè gbé e wá lẹ́yìn ọdún méjì kó ṣì ní iyì. Ti Ubisoft máa ń já kíákíá, èyí dáa fún ẹni tó fẹ́ rà, kò dáa fún ẹni tó fẹ́ tà, so tẹ́ ẹ bá mọ̀ pé ẹ ò ní padà sórí Valhalla ẹ má jẹ́ kó pẹ́ nílé. Tuntun ẹ̀wẹ̀, ẹni tó bá lè dúró fún bí oṣù mẹ́fà á rà á ní owó tó dín kù dáadáa, wọ́n á sì ti tún ọ̀pọ̀ wàhálà inú ẹ̀ ṣe nígbà yẹn, tí ẹ bá tún ní sùúrù jù bẹ́ẹ̀ lọ wọ́n á kó àwọn àfikún pọ̀ mọ́ ọn ní ẹyọ kan. Ẹni tó sanwó sílẹ̀ kí gémù tó jáde, òun ló ń san owó tó pọ̀ jù fún gémù tí wọn ò tíì tún ṣe tán.

Ohun tó ṣe pàtàkì jù lójú mi ni PS tẹ́ ẹ bá fẹ́ rà. Ẹ wo ojú ibi tí sídì ń wọ̀. PS5 oní-dígítà ò gba sídì, PS5 Pro náà tó jáde ní oṣù kọkànlá 2024 kò ní i nínú, ẹ máa ra ẹ̀rọ sídì lọ́tọ̀ ni. Tí kò bá sí ibi tí sídì ń wọ̀, kò sí pààrọ̀, kò sí títà, gbogbo gémù tẹ́ ẹ bá rà á jókòó síbẹ̀. Mo máa ń sọ ọ́ fún gbogbo kọ́sítọ́mà kódà tó bá jẹ́ pé èyí tí kò gba sídì ni màá jèrè lórí ẹ̀. Kí ẹ sì yí sídì padà wo ẹ̀yìn ẹ̀ lábẹ́ iná kẹ́ ẹ tó sanwó, kẹ́ ẹ ní kí wọ́n fi sí PS kó ṣí níwájú yín. COD ní tiẹ̀, sídì nìkan ò tó, ó ṣì máa fa nǹkan láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, ó lè lé ní 100 GB, ẹ ka owó dátà yẹn mọ́ iye sídì kẹ́ ẹ tó sọ pé mo tà á ní ọ̀pọ̀.

Tọ́lání_Bàrígà

Ti dátà yẹn, ẹ gbọ́ ọ dáadáa o. Àti pé fún COD, ohun tó ń mú àwọn èèyàn ra tuntun kì í ṣe gémù gan-an, àwọn ọ̀rẹ́ ni. Gbogbo àwọn tó wà ní gúrúùpù WhatsApp ti kọjá sórí tuntun, ìwọ nìkan ló kù. Warzone, apá COD tá a ń gbá lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ni ojútùú ẹ̀, ọ̀fẹ́ ni láti 2020, gbogbo wa ń pàdé níbẹ̀, kò sẹ́ni tó ń béèrè bóyá o ra ti ọdún yìí.

Kẹ́mi_Ìsàlẹ̀Èkó

Ẹ kú àlàyé o. Ẹ jẹ́ kí n sọ fún Ọmọ Súrùlérè ohun tó lè gbá nígbà tó bá ń sinmi, torí ìsinmi láìsí nǹkan míì lọ́wọ́, kò ní pẹ́ tí á fi padà.

Ṣé o rántí ohùn Bayek nínú Origins? Abubakar Salim ni. Ó dá stúdíò tiẹ̀ sílẹ̀, Surgent Studios, wọ́n sì mú Tales of Kenzera: ZAU jáde ní oṣù kẹrin 2024. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí bàbá ẹ̀ kú, ó lọ bá òrìṣà ikú dúnàádúrà kó lè gbà á padà. Bàbá Salim fúnra ẹ̀ ló kú tó fi ṣe é, ó sọ ọ́ ní gbangba, ó sì hàn nínú gbogbo ìtàn yẹn. Kò gùn, wàá parí ẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan kódà tó bá jẹ́ wákàtí kan lálẹ́ ni iná fún ẹ. Mo sunkún nídìí ẹ̀, mi ò tijú láti sọ ọ́. Gémù tó ní ìbẹ̀rẹ̀ tó sì ní òpin, tí kò sí ẹni tó ń sọ fún ẹ pé apá kejì ń bọ̀ lọ́dún tó ń bọ̀, ara máa ń tù mí pẹ̀lú ẹ̀.

Lórí fóònù, ẹ wo Iwájú: Rising Chef. Maliyo Games tó wà ní Èkó níbí ló ṣe é pẹ̀lú Disney, 2024 ló jáde, oúnjẹ wa ni wọ́n ń sè níbẹ̀, ọ̀fẹ́ ni. Bàbá Ìbejì, àwọn ìbejì á fẹ́ràn ẹ̀.

Fún àwọn oníbọ́ọ̀lù, eFootball wà. Láti 2021 Konami ò ta PES mọ́, eFootball ló fi rọ́pò ẹ̀, ọ̀fẹ́ ni, kò sí pé èèyàn ń ra tuntun lọ́dọọdún. Bó ṣe jáde lọ́jọ́ àkọ́kọ́ burú, ojú àwọn agbábọ́ọ̀lù wọ́ bákan, ṣùgbọ́n wọ́n ti tún un ṣe gan-an.

Ẹ̀gbọ́nMúṣín

Àbúrò mi Kẹ́mi, eFootball yẹn dáa fún ẹni tó wà nílé pẹ̀lú fóònù ẹ̀. Ní sẹ́ńtà kò ṣiṣẹ́ fún mi. Ó fẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì nígbà gbogbo, dátà máa jẹ èrè mi, tí nẹ́tíwọ́kì bá lọ báyìí ariwo á sọ. Sídì ò ní irú wàhálà yẹn.

Kẹ́mi_Ìsàlẹ̀Èkó

Mo gbọ́ yín sà, ẹ̀yin lẹ mọ sẹ́ńtà. Fún ẹni tó wà nílé tó sì ń san PS Plus, owó oṣooṣù tí PlayStation fi ń fúnni ní gémù, tẹ́lẹ̀, FIFA 22 wọ inú ẹ̀ ní oṣù karùn-ún 2022, FC 24 náà ní oṣù karùn-ún 2024. Owó rẹ̀ ti wà nínú ohun tí wọ́n ń san lóṣooṣù. Sáà bọ́ọ̀lù ti ń parí nígbà yẹn lóòótọ́, àmọ́ fún ẹni tó kàn fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù pẹ̀lú àbúrò ẹ̀ ó tó.

Ọmọ_Ọbáléńdé

Ọmọ Súrùlérè, tí o bá fẹ́ padà sí Assassin's Creed lọ́jọ́ kan, bẹ̀rẹ̀ láti Mirage. Àfikún Valhalla ló yẹ kó jẹ́ tẹ́lẹ̀, wọ́n wá yà á sọ́tọ̀, Baghdad ni, Basim tó wà nínú Valhalla ló ni ín. Ìtàn ẹ̀ ò ju bíi wákàtí 15 lọ, bí a ṣe ń sá pamọ́ láyé Ezio ló padà sí. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é kékeré torí àwọn èèyàn pariwo pé Valhalla ti gùn jù. Tí Mirage bá dùn mọ́ ẹ, Shadows á ṣì wà níbẹ̀, Japan ò lọ síbì kankan.

ỌmọSúrùlérè

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín, látọkàn wá. Ohun tí mo fẹ́ ṣe rèé: Valhalla ń jáde nílé, mi ò ní ra Shadows lọ́dún yìí, Tales of Kenzera ló kàn, torí ohùn Bayek yẹn ti mú mi, lẹ́yìn náà Mirage tí mo bá ti rí i pé ó ń wù mí. Bàbá Ìbejì, mo ṣí Discovery Tour lálẹ́ àná, mo rìn ní Alẹkisáńdríà títí ilẹ̀ fi ṣú, mi ò bá ẹnikẹ́ni jà. Ẹ ṣé sà.

SídìÌkẹjà, mo ní Valhalla ti PS4 àti FC ti èṣí, méjèèjì mọ́. Ṣé ẹ lè fi Mirage pààrọ̀ ẹ̀?

SídìÌkẹjà

Ẹ kó méjèèjì wá, kẹ́ ẹ fi àpótí wọn sí i, sídì tí kò ní àpótí owó ẹ̀ ń já. FC yẹn ni kẹ́ ẹ tètè gbé wá torí oṣù kẹsàn-án ń sún mọ́lé. Mirage ti PS4 wà nílẹ̀, ó máa ṣí lórí PS5 náà, wọn ò ní gba owó kankan kún un. Ẹ má wá lọ́jọ́ Sátidé, èrò máa ń pọ̀ jù, a ò ní ráyè dán an wò dáadáa. Láàárín ọ̀sẹ̀, kó tó di aago mẹ́rin, màá fi sí PS kẹ́ ẹ rí i kó ṣí kẹ́ ẹ tó lọ.